Káàdì Alámì Pupa

"Gbé èyí tó wọ́n yẹn kúrò níwájú mi, jàre," ni ìyá kan sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń ta kọ̀ǹpútà l'Ókè-Ìlá. "Káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni mo fẹ́, tí géèmù ọmọ mi á fi máa lọ geere. Ó ní iná ti jó tòun."

"Mo ní àlòkù kan, Mà. Àná ló wọlé, kò sì yàtọ̀ sí tuntun."

Ìyá náà gbà á, ó yí i padà. Kútẹ́ẹ̀sì pupa wà nídìí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìkòkò rẹ̀ ti sọnù níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹrù tó wọ ilé rẹ̀ tí kì í fi kútẹ́ẹ̀sì yìí sàmì sí. Káàdì ọmọ rẹ̀ gan-an nìyí.

"Ta ló tà á fún ọ?"

"Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí tí mi ò fi bá a ná an. Ó ní ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, òun ń wá owó pósí."

Ìyá náà fi èékánná ha àmì náà. Kò ṣí.

"Ṣé ó sunkún?" ló béèrè.