Ìwé Tí Bíṣọ́ọ̀bù Fi Ta Wọ́n Lọ́rẹ

Nílé àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó fi gbogbo ayé wọn fún àdúrà, ọbẹ̀ ẹ̀wà ti ń tutù nígbà tí èyí tó ń kàwé fún àwọn yòókù nídìí oúnjẹ ṣí ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Ubaldo, àlejò tó ń bá wọn jẹun, fi ta wọ́n lọ́rẹ. Irú lẹ́tà inú rẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò rí i rí.

“Bàbá, mi ò lè kà á,” ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ọ̀gá wọn.

“Kà á jàre! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò ni?”

Ló bá ń hun ohun tó bá wá sí i lẹ́nu: “Kedorala, fisomi, tarelu…” Àwọn mọ́ńkì ń mi orí bí ẹni tó yé. Ọ̀kan tiẹ̀ ń sunkún.

Bíṣọ́ọ̀bù gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ọmọ mi, dúró! O ṣi ìlà tó kọjá yẹn kà.”

Òfin ilé wọn ni pé kí ẹni tó bá ṣi ìwé kà kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì hun òmíràn.

“Ẹ̀hẹ́n!” ni Bíṣọ́ọ̀bù wí. “Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn.”