Télọ̀ Tó Fi Tipátipá Ti Ẹrù Wọ Kọ̀ǹpútà Ìyàwó Rẹ̀

"Èyí tó bá kọ̀ láti wọlé, olówó orí mi, ẹ má fi tipátipá tì í."

Ohun tí ìyàwó télọ̀ sọ fún un gbẹ̀yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé orí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

1.

Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ní yàrá iwájú, ọkọ ń gé aṣọ, ó ń rán an. Ní yàrá ẹ̀yìn, ìyàwó ń ya iṣẹ́ ọnà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ńlá kan tó dàgbà ju ọmọ wọn lọ á sì fi òwú kọ ọ́ sọ́rùn aṣọ. Ewé tí obìnrin yìí bá yà, ẹni tó rí i á fẹ́ fọwọ́ kàn án wò bóyá ó tutù.

Linux, ètò tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Oríṣiríṣi ni Linux, bí ọmọ ìyá kan náà tí ìwà wọn yàtọ̀. Ìyàwó yan Debian, nítorí pé kì í kánjú: ohun tuntun kì í wọ ibẹ̀ àfi tí wọ́n bá dán an wò pẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Fedora ni tiẹ̀, níbi tí ohun tuntun ti máa ń tètè dé. Tí wọ́n bá ti pàdé, àwàdà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Àǹtí, ṣé ti ọdún tó kọjá lẹ ṣì ń lò?"

"Òun náà ni. Ìwọ máa wá tuntun kiri, èmi ń ṣiṣẹ́."

Ètò tuntun máa ń wá bí ẹrù tí wọ́n ti dì. Orúkọ ti Debian máa ń parí sí .deb, ti Fedora sí .rpm. Aṣọ ni ìyàwó fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ. Ó ní, "Apá aṣọ tí ẹ wọn ara ẹnì kan kí ẹ tó gé, ṣé ẹ máa rán an mọ́ aṣọ ẹlòmíràn?" Ọkọ ní rárá. Ìyàwó ní ó tán nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ẹ̀rọ ńlá yẹn ti pẹ́ débi pé kò sí ètò tó lè jẹ́ kí Linux bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó jókòó tì í. Ó kọ ètò náà fúnra rẹ̀, ó dì í ní ẹrù .deb, ó fi í síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dá a lóhùn, ó pe ọkọ rẹ̀ wá láti yàrá iwájú, àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sáré.

2.

Àìsàn dé bá ìyàwó. Iṣẹ́ tó yà gbẹ̀yìn jẹ́ ti ọmọ wọn obìnrin: ewé tó máa yí ọrùn aṣọ tí ọmọ náà máa wọ̀ lọ́jọ́ tó bá gboyè nọ́ọ̀sì. Ó yà á tán. Kò ráyè fi sára aṣọ.

Ní ọsibítù, ọkọ fẹ́ mú un gbàgbé ìrora. Ó ní òun rí ètò ìyàwòrán tó tuntun jù, àmọ́ fún Fedora ni wọ́n dì í, ṣé òun lè fi sórí tiwọn? Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kà lókè.

3.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ béèrè aṣọ rẹ̀. Bàbá fẹ́ kí aṣọ náà rẹwà ju gbogbo aṣọ lọ. Ó rò pé ètò tuntun á mú ewé náà dára sí i. Ta ló sọ fún un pé ewé ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe?

Ó mú ẹrù .rpm náà wá. Debian kọ̀ ọ́. Ó wá ohun tí wọ́n fi ń sọ .rpm di .deb, ó sì lò ó. Debian tún kọ̀, ó ní ohun tó wà nínú ẹrù yìí máa gba ipò ohun tí òun fi dúró. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn lè tẹ̀, tó túmọ̀ sí pé mo ti gbọ́, ṣáà ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó pa kọ̀ǹpútà tó sì tún tan án, ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣì ṣeé tún ṣe nígbà yẹn. Ká ní ó pe àna rẹ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀ yẹn, ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó fẹ́ tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó gbé Fedora lé orí Debian, gbogbo ìbéèrè tó bi í ló ń dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni.

4.

Àwòrán kò sọnù. Dísíìkì ọ̀tọ̀ ni ìyàwó ń kó wọn sí, ó ní òun ò lè da aṣọ oníbàárà pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́. Ewé náà jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó tutù yọ̀yọ̀. Télọ̀ ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mira.

Ó wá pe àna rẹ̀. Ìyẹn jókòó, ó wò ó títí.

"Bọ̀dá, ẹrù tí Àǹtí dì fúnra wọn ńkọ́?"

"Èwo nìyẹn?"

Àna ní ètò tí Àǹtí kọ kí ẹ̀rọ lè máa gbọ́rọ̀ ni, ó ti pa rẹ́ pẹ̀lú Debian. Ó ní kò sí èyí tó burú nínú Debian àti Fedora, Fedora ni òun fi ń jẹun. Ó ní kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀, Bọ̀dá ni kò gbọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mo máa ń fi Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti gbìyànjú láti kọ irú ètò yẹn rí. Mi ò lè kọ ọ́."

Ẹ̀yin tó ń kà á, Linux tó bá wù yín ni kí ẹ yàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá yàn, ẹrù tí wọ́n dì fún un ni kí ẹ gbé fún un. Tó bá kọ̀, ẹ dúró, ẹ ka ohun tó ń sọ. Ohun tí èèyàn yín bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́ láti pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Télọ̀ kò tíì gbé dísíìkì tí Debian wà tẹ́lẹ̀ fún àna rẹ̀, tó ní kí òun wò ó bóyá nǹkan lára ètò náà ṣẹ́ kù níbẹ̀. Kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀. Kò tíì kó sálúbàtà ìyàwó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Kò tíì yọ òwú aláwọ̀ ewé tó fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Kò tíì gé aṣọ náà.