Orúkọ Tí Cornelius Fi Pààrọ̀ Wúrà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí ìparí rẹ̀ ló ń dunni.

1.
Ní ọdún 1999, ọkùnrin kan ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo. Cornelius Béjidé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ó ń gbẹ́ àpótí ìjókòó àti ilẹ̀kùn. Kò níyàwó, kò bímọ, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlágòkè, nìkan ló ṣẹ́kù fún un láyé, òun náà sì ti lọ sí ìlú òyìnbó láti ọdún 1986. Lẹ́tà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n yìí kọ, ló bá dákẹ́. Cornelius sì ti kó kúrò nílé bàbá wọn. Bí lẹ́tà kẹrin bá tiẹ̀ dé, ta ni yóò gbà á?

Àpótí méjì ló wà nínú yàrá rẹ̀. Ó ń jókòó lórí ọ̀kan. Èkejì, ó kàn máa ń nu eruku orí rẹ̀ ni.

2.
Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sikirat wá ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí àdúgbò náà. Gèlè àtijọ́ ló fi ń bo kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí eruku.

"Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká ṣe ojú-ewé kan fún yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á rí iṣẹ́ yín lókè òkun."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé ó lè rí mi?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá nǹkan níbẹ̀ kò mọ èèyàn, ọ̀rọ̀ ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá yín máa tẹ̀ la gbọ́dọ̀ kọ. Kí ni wọ́n ń pè yín?"

"Cornelius."

"Ìyẹn tí ṣọ́ọ̀ṣì ń pè yín nìyẹn. Kí ni bùrọ̀dá yín ń pè yín?"

Cornelius wolẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Àkànó," ló wí.

Sikirat kọ ọ́: Àkànó, Béjidé, Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó sì fi àdírẹ́sì àti àwòrán sí i: Cornelius lórí àpótí kan, àpótí kejì lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

3.
Lóṣooṣù, Sikirat máa ń fún un ní ìwé tó fi ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ hàn, àti iye ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Lóṣù kìíní, ẹni méjìlá ló wá. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kà pé: Àkànó Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹnì kan.

"Sikirat, ìwọ lò ń dán an wò?"

"Bóyá èmi ni o. Kí ni mi ò kì í dán wò?"

Lóṣù kejì, ẹnì kan. Lóṣù kẹta, ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé.

Zulkifli, agbẹ́gi bíi tirẹ̀ tóun náà ní ojú-ewé, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹni méjìlá! Àwọn tó ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí ju ìyẹn lọ. Èmi ń rí igba lóṣù."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Wúrà Iléṣà."

"Ṣé o ń ta wúrà ni?"

"Ṣé àwọn tó ń wá a mọ̀?"

4.
Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Cornelius ti wà lọ́dọ̀ Sikirat.

"Kọ wúrà sí i. Kọ ọ́ lọ́nà ogún, lédè òyìnbó."

"Bùrọ̀dá, igi lẹ ń gbẹ́."

"Kọ ọ́."

"Ààyè ò sí mọ́."

"Yọ èyí tí kò wúlò." Ó fìka tẹ ìsàlẹ̀ ìwé náà. "Èyí. Ẹnì kan ṣoṣo! Ìwọ náà sì ni."

"Bùrọ̀dá, kò dá mi lójú o."

"Yọ ọ́. Yọ Béjidé náà. Yọ Ìmẹ̀sí-Ilé."

Sikirat yọ wọ́n.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, irínwó èèyàn wá. Cornelius gbé ìwé náà lọ fi han Zulkifli. Kò sẹ́ni tó ra àpótí. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ̀wé pé, "Níbo ni wúrà wà, ìwọ òpùrọ́?" Kò bìkítà. Irínwó ń dùn mọ́ ọn nínú. Kò wo ìsàlẹ̀ ìwé.

5.
Nígbà tí Kérésì kù dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Julianah ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Bébà tí wọ́n ká sí mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé. Ẹbí Àkànó ni mo wá kí kú ọ̀fọ̀."

"Èmi ni Àkànó."

Obìnrin náà ṣí bébà náà. Ó wo àwòrán, ó wo ojú rẹ̀.

"Àdúgbò kan náà lèmi àti Bùrọ̀dá Ọlágòkè ń gbé. Wọn ò ní kọ̀ǹpútà. Lóṣooṣù ni wọ́n ń lọ sílé ìkàwé, wọ́n á tẹ orúkọ yín, wọ́n á wò yín, wọ́n á padà sílé. Ojú ń tì wọ́n láti kọ̀wé. Wọ́n ní ọdún mẹ́tàlá ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wọ́n rí àpótí tó ṣófo yẹn, wọ́n ní àwọn máa wá jókòó lé e."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ̀wé, wọ́n tẹ Àkànó, ẹ̀rọ ní kò sí. Wọ́n ní, 'Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi ti kú.' Wọ́n fún mi ní bébà ojú-ewé yín yìí, tí wọ́n ti tẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kó kúrò nílé yẹn. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Cornelius ní kí Sikirat yọ wúrà, kó dá Àkànó padà. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ ló ti máa ń ka ìwé rẹ̀ bọ̀ wá sókè. Kò tíì tún rí "Àkànó, ẹnì kan" níbẹ̀. Á ká ìwé náà, á mú àkísà, á nu àpótí kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má pàdánù ẹni tó ń wá yín nítorí èrò tí kò mọ̀ yín. Bí ẹ bá rí "ẹnì kan" nínú ìwé yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ́ kí ẹ tó pa á rẹ́. Àwọn àgbà kò parọ́: orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.