Ohùn Gìtá Tó Kú Sínú Àbẹ́là

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni, ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìkórè. Òjò ti ṣú láti ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò rọ̀. Ooru mú bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bo ìlú Ìkirè. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ohun tí Fẹ́hìntọlá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà.

Fẹ́hìntọlá ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sì ya ọ̀lẹ. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lónìí, á ní okùn gìtá òun ni kò dára. Lọ́la, á ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni kò gbọ́ràn. Ohùn kan ló ń wá kiri: ohùn gìtá Bàbá Ọláníyọnu.

Bàbá yìí ti ń ta gìtá nínú ìjọ náà kí Fẹ́hìntọlá tó gbọ́njú. Gìtá rẹ̀ ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n bó bá ti ń dún, ńṣe ló máa ń dà bíi pé àgbàlagbà kan ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ létí. Nígbà tí àìsàn gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, ó fa gìtá náà lé Fẹ́hìntọlá lọ́wọ́. Ó ní, "Bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí Olúwa bá gbà fún mi, èmi náà ni n ó ta á lọ́jọ́ ìkórè."

Gbogbo gìtá oníná ló ní irin kékeré kan lábẹ́ okùn rẹ̀, tí wọ́n wé wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí mọ́. Òun ló ń gba ohùn okùn, tó ń fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Agbóhùn ni Fẹ́hìntọlá máa ń pè é. Ó rò ó títí, ó gbà pé inú agbóhùn yẹn ni gbogbo adùn gìtá bàbá wà. Ní ọ̀sán Sátidé tí mo ń sọ yìí, ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé tó mú wáyà, ó gbé agbóhùn bàbá sínú gìtá tirẹ̀, ó sì ki tirẹ̀ bọ inú gìtá bàbá.

Nígbà tí ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ó ṣí ẹ̀rọ sókè gan-an, bó ti máa ń ṣe. Kò tíì ta okùn jìnnà tí gìtá fi figbe ta, fíììì! Àwọn akọrin fọwọ́ di etí.

Gbádébọ̀ tó ń lu dúrọ́ọ̀mù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Fẹ́hìntọlá, ebi ló ń pa á. Ẹ fún un lọ́mú!"

"Ìlù rẹ ni kó o gbájú mọ́," ni Fẹ́hìntọlá wí. Ojú tì í púpọ̀.

Ó ti gbọ́ rí pé wọ́n máa ń ri agbóhùn tó bá ń ké bẹ́ẹ̀ sínú ìda yíyọ́, kí wáyà inú rẹ̀ má bàa máa gbọ̀n. Kò mọ bí ìda náà ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, kò sì fẹ́ bi ẹnikẹ́ni, torí ìbéèrè yóò tú àṣírí rẹ̀. Nígbà tí ìdánrawò parí, ó yọ agbóhùn náà kúrò nínú gìtá rẹ̀, ó ṣa àjókù àbẹ́là níwájú pẹpẹ, ó kó wọn sínú agolo, ó gbé e ka sítóòfù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ju agbóhùn náà sí i. Àbẹ́là yọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. "Jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára dáadáa," ló ń sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tí yóò fi yọ ọ́, ike ara rẹ̀ ti ká kò, wáyà inú rẹ̀ ti já wẹ́wẹ́. Agbóhùn bàbá ti kú.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yin ọmọ, ó gbàdúrà kí ara bàbá má tíì yá tó ẹni tó lè wá sílé. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ gbé ènìyàn dé!

Lọ́jọ́ kejì, bàbá wá sí ìkórè. Ó ti rù, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dì í mú wọlé, gbogbo ìjọ sì dìde kí i. Ó gbé gìtá rẹ̀ lé itan, ó ta á díẹ̀, ó dúró. Ó tún un ta. Ó wo abẹ́ okùn, ó wá gbójú sókè.

"Fẹ́hìntọlá, ohùn ta nìyí?"

Fẹ́hìntọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí, bàbá. Ohùn yín ni mo ń wá. Mo ti bà á jẹ́."

"Ohùn mi?" Bàbá rọra mi orí. "Irin àtijọ́ yẹn kò fẹ́ ariwo. Mo máa ń rẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ ni, tí n ó wá fi ẹran àtàǹpàkò ta á. Bó o bá bi mí, ṣé n ó fi pamọ́ fún ọ ni?"

Ó gbé gìtá náà sílẹ̀, ó lọ jókòó láàárín ìjọ, wọ́n sì ṣe ìkórè láìsí gìtá. Wọ́n wá irú agbóhùn yẹn títí lẹ́yìn náà, wọn kò rí i. Ohùn tí Fẹ́hìntọlá fẹ́ràn jù láyé, òun gan-an ló pa á.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ohun tó bá wù yín lára ẹlòmíràn, ẹ bi í bó ṣe rí i, ẹ má ṣe mú un lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọn ì bá fi ìfẹ́ kọ́ yín lè ti ọwọ́ olójúkòkòrò bàjẹ́ pátápátá. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ náà, Fẹ́hìntọlá gbé gìtá bàbá kọ́ èjìká, ó sì tẹ̀ lé e lọ sílé.