Èémí Tí Kò Dúró Mọ́

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Fẹhíntọlá bọ́ ẹ̀gbà lọ́rùn Gídíónì ọkọ rẹ̀, ó sì nà án sí nọ́ọ̀sì lójú fèrèsé ilé oògùn, bí gbogbo ilé tó ní aláìsàn ọkàn ti ń ṣe lóṣooṣù. Ẹ̀gbà náà ló ń ka iye ìgbà tí èémí dúró lójú oorun.

Lóṣù tó kọjá, ogójì ìgbà ni lóru kan. Ẹ̀rù ba Fẹhíntọlá pé wọn yóò ní oògùn kò ràn án, wọn yóò sì gbà á fún ẹlòmíì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn. Bí èémí bá ti fẹ́ dúró, yóò rọra gún Gídíónì níhà, yóò sì máa gbàdúrà lọ.

Nọ́ọ̀sì pariwo ayọ̀. “Odo ni, Mà! Ọkàn Bàbá ti gbádùn. Oògùn wọn parí lónìí, ẹlòmíì ló kàn.”

“Nọ́ọ̀sì, tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ń jí i ńkọ́?”

“Èrú nìyẹn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní fojú kan oògùn mọ́ láé.” Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ̀yin lẹ ń jí wọn ni?”

Gídíónì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúpẹ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn ń ké Halelúyà. Ó dìde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bíi tàná, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

“Wo bójú rẹ ṣe pọ́n. Gbogbo àìsùn tó o fi gbàdúrà fún mi ti gbà. Lálẹ́ òní, ìwọ náà á sùn.”

Fẹhíntọlá ní, “Àmín.”