Ta Ló Ń Yọ Àkámọ́ Yìí?

Àárọ̀ mẹ́ta rèé tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní ìlú Dayton ò gba ìbéèrè tí ọ̀gá kọ sí i pé kó dáhùn.

Àmì àkámọ́ kan, ìyẹn ')', ló ń sọnù nínú rẹ̀. Mo ń fi í padà, wọ́n ń yọ ọ́.

Mo tú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà wò láti mọ ẹni tó ń yọ ọ́: Màmá Marlene tó kọ́ mi níṣẹ́ ni.

Inú bí mi. Mo tún un ṣe, mo sì tẹ̀ ẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Mo pe Màmá wá: "Kí ni mo ṣe fún yín, Mà?"

Màmá wo ojú kọ̀ǹpútà mi. "Corwin, ṣé o tiẹ̀ ka ohun tó ń bèèrè?"

Mi ò kà á. Àkámọ́ ni wọ́n ní kí n wá.

Orúkọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ló ń jáde, lẹ́tà sì ti ń lọ bá wọn.

Mo wá orúkọ Màmá títí, kò sí níbẹ̀.

Tèmi ló wà lókè pátápátá.