Ojú Oórì Baba Ọ̀yà

Àlọ́ mi balẹ̀ gbì, ó já sí agboolé Ọ̀yà olójúkòkòrò. Bí èkúté ṣe ń ya wọ̀lú ló ń kọ́ yàrá fún wọn, títí ó fi kọ́lé bo àgbàlá baba rẹ̀.

Oyè baálẹ̀ wá kàn án. Ìgbín àgbà ní kó kọ́kọ́ lọ kí baba rẹ̀ lójú oórì. Ọ̀yà wá a tì, ó kàn dọ̀bálẹ̀ síbì kan.

"Baba mi, ẹ gbè mí o."

Ìyàwó èkúté yọjú. "Bàbá onílé, ẹ má bínú, ṣáláńgá wa nìyẹn."

Ìgbín dárin, èkúté ń gbè é:

"Oórì baba dà?"
"Ó ti di ṣáláńgá."

Ojú ti Ọ̀yà. Inú eèsún ló sá wọ̀, kò sì padà wọ̀lú mọ́.